Mo Lọ Kọ́ni Bí A Ṣe Ń Gún Abẹ́rẹ́ ní Kútọnù

Láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni Kútọnù ṣe rí. Mo ti dá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lóhùn pé ó dára. Mo ti dá àwọn ará ọjà lóhùn pé ẹja wọn tóbi. Mo sì ti sọ fún àwọn ará ilé ọkọ mi pé mi ò rí nǹkan kan mú bọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ìdáhùn nínú wọn. Mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an, kí ẹ lè yé dá mi dúró lójú ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Abẹ́òkúta níbí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ni irú ọmọ tí mò ń tọ́jú. Àwọn ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí mo bá sọ báyìí, ẹni tó ń gbọ́ á kọ́kọ́ wò mí lójú, á ní, "Ọmọdé? Àtọ̀gbẹ kẹ̀?" Lójú wọn, àìsàn àwọn bàbá olóyè tó ti jẹun jù ni, ọmọdé kankan ò sì tíì jẹun tó bẹ́ẹ̀. Ti ọmọdé yàtọ̀. Ara wọn ni kò lè ṣe oje tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ínsúlínì ni à ń pe oje náà, abẹ́rẹ́ la sì fi ń fún wọn lójoojúmọ́ ayé. Bí kò bá tó, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ á máa rù, á máa mu omi, á máa tọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ṣúgà á tán, ọmọ á máa gbọ̀n, ó sì lè ṣubú. Àárín méjèèjì ni ọmọ náà ń gbé, iṣẹ́ tiwa ni ká máa ṣọ́ ọ níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní ọ̀nà Fidjrossè ní Kútọnù ló ránṣẹ́ sí tiwa pé àwọn ń fẹ́ ẹni tí yóò wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọn ní iṣẹ́ yìí. Wọ́n yàn mí, nítorí wọ́n ní mo gbọ́ Faransé. Ẹ̀yin tí a jọ jókòó ní kíláàsì mọ irú Faransé tí mo gbọ́.

Omi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ènìyàn dé ibì kan gan-an, kó lọ sí Kútọnù. Mo ti há ọ̀rọ̀ ìkíni mi sórí láti ilé. Mo wọ ilé ìwòsàn náà, mo gbé báàgì kalẹ̀, bí mo ṣe ní kí n la ẹnu ni ọmọbìnrin kan gbé ife omi lé mi lọ́wọ́. Mo dúpẹ́, mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí, mo gbé ife náà sórí tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Dírẹ́kítọ̀ ń wo ife. Akọ̀wé rẹ̀ ń wo ife. Obìnrin gíga kan tó wọ aṣọ funfun fẹ̀yìn ti ògiri, òun náà ń wo ife.

"Ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin gíga náà wí fún mi ní Yorùbá, "ẹ fẹnu kan omi ná. Mẹ́ẹ̀, bí ẹ kò bá tíì mu omi, ẹ kò tíì dé. Ta ni yóò máa dá ẹni tí kò tíì dé lóhùn?"

Mo mu omi. Ojú gbogbo wọn là. Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú ìjókòó, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọ̀nà. Èmi tí mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé àwa la ni ìkíni láyé.

Obìnrin gíga yẹn ni Filisité, òun ni mo wá kọ́ níṣẹ́. Nàgó ni, ọmọ Pobè, ìyẹn ni pé Yorùbá ni bíi tiwa, àfi pé Faransé ni wọ́n fi lù ú nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì lu èmi. "Mẹ́ẹ̀" tó máa ń sọ yẹn ni "ṣùgbọ́n" àwọn Faransé. Ó máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kódà nígbà tí kò bá sí ohun tó ń ta kò. Yorùbá rẹ̀ jọ ti ìyá ìyá mi, ó jinlẹ̀ débi pé ojú máa ń tì mí. Òun náà ní Yorùbá tèmi kún fún Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi ń wá egungun inú rẹ̀ bíi ti ẹja.

Àdúgbò Jonquet ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá mọ Kútọnù léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ní Jonquet. Dírẹ́kítọ̀ ní àdúgbò tó ń mú ara yá ni. Ilé ọtí méjì ló gbá yàrá mi mú, wọ́n sì mọ̀ mí ní méjèèjì kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, nítorí èmi nìkan ni ìyá àgbà tó ń gbé Bíbélì kọjá níwájú wọn.

Ilé yógọ́ọ̀tì

Filisité nìkan ni wọ́n fi sí ìdí ìtọ́jú ọmọ alátọ̀gbẹ ní gbogbo ilé ìwòsàn náà. Nítorí náà wọ́n fún un ní tábìlì, tábìlì náà sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo wò ó, mo mi orí bí ẹni tó ti ibi tó dára wá. Mi ò sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni tèmi wà ní Abẹ́òkúta.

Ó mú mi lọ wo fíríìjì tí wọ́n ń kó ínsúlínì sí. Yógọ́ọ̀tì dírẹ́kítọ̀ ló wà lókè, ẹja akọ̀wé ló wà nísàlẹ̀, ínsúlínì wà láàárín bí ìyàwó kékeré tí kò tíì bímọ. Mo béèrè pé ta ni ó ni fíríìjì náà. Filisité ní ti àwọn ọmọ náà ni.

"Mẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀," ó ní. "Ẹni tó ni yógọ́ọ̀tì ń sọ̀rọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó tì í, wọ́n pè é lọ gbẹ̀bí, wọ́n pè é lọ túmọ̀ èdè Fọn fún dókítà tuntun, wọ́n sì pè é wá di kọ́kọ́rọ́ ilé oògùn mú títí ẹni tó ni ín yóò fi jẹun tán. Lábẹ́ àtẹ̀gùn, àwọn ìyá jókòó pẹ̀lú ọmọ wọn, wọ́n ń retí rẹ̀. Mo sọ fún dírẹ́kítọ̀ pé iṣẹ́ obìnrin yìí tó iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹni tó bá mọ nǹkan kan dáadáa, kò ní ṣàìmọ ìyókù.

Fóònù rẹ̀ kì í sinmi. Tíṣà kan pè láti Calavi, ìlú tó wà lẹ́bàá Kútọnù, pé ọmọ kan fẹ́ jáde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ṣé kì í ṣe pé ó ń fi òun ṣeré? Filisité ní kó jẹ́ kó lọ. Tíṣà ní bí òun bá jẹ́ kí ọ̀kan lọ, gbogbo kíláàsì ni yóò ní àtọ̀gbẹ. Ìyá mìíràn pè pé ẹnì kan ń ta àgbo tí yóò wo ọmọ òun sàn pátápátá, ṣé kí òun dá abẹ́rẹ́ dúró? Filisité bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó ní bí òun bá kú lónìí, fóònù náà ni wọn yóò kọ́kọ́ wá gbé.

Abólò

Oúnjẹ wọn dùn, mi ò ní purọ́. Abólò, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó wú, tí wọ́n sì fi ooru sè, mo fi jẹ ẹja díndín lójoojúmọ́ títí aṣọ iṣẹ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Ṣúgà wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo gbé àwòrán oúnjẹ láti ilé wá láti fi kọ́ àwọn ìyá ní ohun tó yẹ kí ọmọ wọn jẹ! Filisité tẹ́ àwòrán mi sórí tábìlì, ó wò ó fínnífínní.

"Ẹ̀gbọ́n, ó dára o. Abólò dà níbẹ̀?"

Mo ní kò sí.

"Àmíwó ńkọ́?"

Mo ní kí ni ìyẹn. Ó mú mi lọ jẹ ẹ́, ògì àgbàdo pupa tí wọ́n fi ata àti tòmátò rò ni. Láti ọjọ́ yẹn ni àwòrán mi ti ń ṣiṣẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jẹ, bí kò ṣe ìwà rere wọn. Bí o bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á pè ọ́, wọ́n sì ń pè ọ́ tọkàntọkàn ni. Ọmọ tó bá kọ oúnjẹ àgbà, ọmọ tí wọn ò tọ́ ni. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó máa kọ̀? Mi ò rí àwòrán rẹ̀ yà.

Ní ti jíjẹ́ àlejò, orúkọ mi ní Kútọnù ni Nàìjíríà. Àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní sẹ̀míjáàn, mọ̀ mí láti ẹ̀yìn, wọ́n ní ohùn wa ni. Wọ́n ní àwa máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo bínú, mo sọ fún wọn pé irọ́ ni, gbogbo òpópónà sì yíjú wò mí.

Kẹ́hìndé

Nínú gbogbo ọmọ tó ń wá sábẹ́ àtẹ̀gùn, ọ̀kan ló ń kó ìdààmú bá wa. Ọmọbìnrin bí ẹni ọdún mẹ́jọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ tóbi, ìgò omi kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé ni orúkọ rẹ̀. Nàgó ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí láti Ṣakété ni wọ́n, Calavi ni wọ́n ń gbé. Ìyá rẹ̀ ń bá ẹnì kan ta aṣọ ní ìgboro, bàbá rẹ̀ ń wakọ̀ lọ sí òkè ní apá àríwá, ọwọ́ ìyá bàbá rẹ̀ ló sì ń gbé látàárọ̀ dalẹ́.

Ṣúgà ọmọ yìí kì í wálẹ̀. Ìyá rẹ̀ búra pé àwọn ń fún un ní abẹ́rẹ́, àwọn kò fo ọjọ́ kan rí. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé e wá kí n tó dé, tó ń mí gúlegúle, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti kẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta lè jẹ́ ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tún wà ńbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí à ń fún wọn lọ ilé kì í tó wọn dé ìdajì àkókò tó yẹ. Filisité ti ń rò ó lọ́kàn pé ìyá náà ń tà á.

"Mẹ́ẹ̀, ta ni yóò ra abẹ́rẹ́ ọmọdé?" ó ní.

Mo ní ní Nàìjíríà, a ó rí ẹni rà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń kí ọmọ náà. Bó bá ti yọ, mo máa ń kì í ní èjìrẹ́ ará Ìṣokùn, ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, ara mi á yá gágá pé mo rí ẹni kì ní ilẹ̀ òkèèrè, màá sì gún ọmọ náà níka wo ṣúgà. Èmi Yorùbá, Filisité Nàgó, a ń pe Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé lójoojúmọ́. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Filisité kì í ṣe àlejò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò fún un ní ọkọ̀ tàbí àyè láti bẹ ilé aláìsàn wò. Òfin wọn ni pé aláìsàn nìkan ni kó wá.

A jókòó, èmi, òun àti dókítà. A ronú. A ṣe ìṣirò. A fi kún ínsúlínì ọmọ náà, a fi kún un dáadáa. Ìṣirò wa péye, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Táyé

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ̀míjáàn níwájú ilé ìwòsàn, ó gbá ọmọ mọ́ àyà. A dá ọmọ náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òógùn bò ó, ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń pa dé. Filisité gún un níka. Ẹ̀rọ fi hàn pé ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ o. Àwa tí a ti ń gbàdúrà kí ṣúgà ọmọ yìí wálẹ̀.

A po ṣúgà mọ́ omi, a rọra ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Mo di orí rẹ̀ mú, mo ń bá Ọlọ́run sọ Faransé. Bí ojú ọmọ náà ṣe ń là ni sẹ̀míjáàn kejì dúró, ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì fa ọmọ lọ́wọ́ wọlé. Ọmọ náà gbé ìgò omi dání. Kẹ́hìndé ni.

Mo wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo wo èyí tó dúró. Filisité gba ìka Kẹ́hìndé, ó gún un. Ṣúgà tirẹ̀ wà lókè réré níbi tó máa ń wà.

"Táyé rè é?" ni Filisité béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó ń tọ́ka sí ọmọ ọwọ́ mi.

"Ta ni ìbá tún jẹ́?" ni ìyá àgbà dáhùn.

"Màmá, kí lẹ fún Táyé?"

"Ohun tí ẹ ní kí n fún wọn náà ni."

Ó sọ ọ́ fún wa bí ẹni tó ń la ọ̀rọ̀ yé òpè. "Ẹ ní kí n máa gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ọmọ wo ni n ó fún tí n ò ní fún èkejì? Táyé ni mò ń kọ́kọ́ gún, òun ló bá èkejì rẹ̀ tọ́ ayé wò. Oògùn tí ẹ fi hàn ìyá wọn, mo dá a sí méjì, ọgbọọgba. Mi ò yan ẹnì kan jẹ."

"Abẹ́rẹ́ kan náà, Màmá?" ni mo béèrè.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé mo jọ aláìmọ̀kan lójú yín ni? Olúkúlùkù ní tirẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tó ń tán ṣe yanjú. Filisité jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, mi ò ní fi bò yín. Ìdajì ni Kẹ́hìndé ń gbà tó fi ń gbẹ lọ. Èyí tí a fi kún un, Táyé tí kò ṣàìsàn kankan, tó ti ń rọ́jú fara da ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ló gba ìdajì rẹ̀. Ká ní a tún fi kún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ tó le koko ni à bá fi ìṣirò wa pa.

Ìyá wọn kò mọ̀. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ dáadáa ló ti ń jáde nílé. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì lè sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Dírẹ́kítọ̀ ló sọ ọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó sọ̀rọ̀ gígùn ní Faransé nípa àṣà òkùnkùn, ó sì pàṣẹ pé ìyá àgbà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹni tí yóò máa gún ọmọ náà dípò rẹ̀, kò dárúkọ onítọ̀hún.

Ìyá àgbà jẹ́ kó sọ tán. Ó wá yíjú sí èmi àti Filisité.

"Bàbá wọn tó ń wakọ̀, Táyé ni orúkọ tirẹ̀ náà," ó ní. "Ẹ kò bi mí léèrè ibi tí Kẹ́hìndé rẹ̀ wà."

A kò bi í.

"Èmi ni mo sin ín. Wọ́n ní mo gba ọ̀kan mọ́ra ju èkejì lọ. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n tún un sọ sí mi létí."

Ọgbọọgba

Filisité ló bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà. Ó ní gbogbo ohun tó ṣe é pín ni kí Màmá máa pín: oúnjẹ, ẹja, aṣọ. Mẹ́ẹ̀, oògùn yìí dà bíi bàtà, ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé nìkan ló wọ̀. Ìyá àgbà ní ẹni tí kò bá ní bàtà ńkọ́, kí lẹ fún un? Mo ní Táyé ló ń kọ́kọ́ tọ́ nǹkan wò, kò gbọdọ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gún ìka wo ṣúgà láàárọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gún ìka Táyé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìka tirẹ̀, kí wọ́n tó gún ti Kẹ́hìndé.

Ìyá àgbà fi ìka ṣírò. "Kẹ́hìndé á gba ti ìka, á gba ti ikùn. Táyé á gba ti ìka nìkan. Kò dọ́gba."

Ẹni tó ń pín nǹkan fún ìbejì kì í ṣe ẹni à ń rẹ́ jẹ. A fi kún un. Wọ́n á fi òwú tútù nu ikùn Táyé, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí, tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó parí. Ìyá àgbà ní òun yóò rò ó. Ọjọ́ kejì ló dáhùn pé òun gbà, àmọ́ Táyé ni yóò máa ṣáájú nínú méjèèjì.

Dírẹ́kítọ̀ bi wá pé orúkọ àìsàn wo ni a ó kọ sílẹ̀ fún òwú ọmọ tí kò ṣàìsàn. Filisité ní kó kọ ọ́ mọ́ yógọ́ọ̀tì. Ó ti ń fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́.

Ṣúgà Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lórí ìwọ̀n oògùn tí a ti kọ sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Kì í wálẹ̀ gbọọrọ bí ọ̀nà ọ̀dà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ti gbogbo ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò omi náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń kún.

Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, dírẹ́kítọ̀ pe àpèjọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo kọ́ wọn ní ìmọ̀ ìgbàlódé. Tábìlì ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo béèrè bóyá wọ́n lè fún Filisité ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti máa lọ sílé àwọn ọmọ náà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára púpọ̀, wọn yóò rò ó, wọ́n sì gbé omi fún mi mu.

Èmi àti Filisité gba Calavi lọ lówó ara wa láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa wọkọ̀. Ìyá àgbà fún wa lómi, a mu ún kí ẹnikẹ́ni tó wò wá. Ó tẹ́ ẹní síta, àwọn méjèèjì jókòó sórí rẹ̀ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, mi ò sì mọ èwo ni èwo. Ọ̀kan na ìka. Ìyá àgbà gún un, ó fi òwú nù ún. Ọmọ náà ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, wọ́n nu ikùn rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ onídérí tẹ̀ ẹ́, ó dijú, ó la ojú. Ó rò ó wò bí àgbàlagbà. Ó wá yíjú sí èkejì rẹ̀, tí ọwọ́ ìyá àgbà ti dé ibi ìgò ínsúlínì fún.

"Kò dun ni," ó ní. "Máa bọ̀."